Ẹnubodè Ni Àlejò Ń Gbà: Ọ̀rọ̀ Ìrìnàjò sí Erédò Súngbọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tó tó ti baba òun. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ìrìnàjò a máa la ènìyàn lójú, a sì máa rẹ ìgbéraga rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òwe yìí ní ẹ̀gbẹ́ kejì tí a kì í sábà yẹ̀ wò. Ọmọ tó ti dé oko gbogbo ayé, tí kò dé ààlà oko baba tirẹ̀ rí ńkọ́? Ojú tirẹ̀ náà kò tíì là tán. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ láàárín àwa tí a kàwé, ìdí sì nìyí tí mo fi fẹ́ kí a jọ rin ìrìn kan nínú àròkọ yìí.

Bí ẹ bá bi ẹni tó ti lọ sí Peru léèrè bí a ti ń ṣe àbẹ̀wò sí Machu Picchu, ìlú olókùúta tí àwọn Inca kọ́ sórí òkè, yóò ka ìmọ̀ràn sílẹ̀ fún yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Yóò ní kí ẹ má ṣe kánjú ní Cuzco, nítorí pé ìlú náà fi nǹkan bí 3,400 mítà ga ju òkun lọ. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, orí a máa fọ́ àlejò, èébì a sì máa gbé e. Yóò ní kí ẹ kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ lọ sùn ní àfonífojì kí ara yín lè mọ́ ọn, kí ẹ sì máa mu omi ewé koka gbígbóná bí àwọn ará ibẹ̀ ti ń mu ún. Machu Picchu fúnra rẹ̀ kò ga tó Cuzco. 2,430 mítà ni. Yóò ní kí ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí pé ìjọba ti fi òdiwọ̀n sí iye ènìyàn tó lè wọlé lóòjọ́. Ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀ kò gbà ju 500 ènìyàn lọ lójúmọ́, àtàlejò àtalááàrù, wọn a sì tì í pa ní oṣù Fẹ́búárì lọ́dọọdún kí wọ́n lè tún un ṣe. Bí ẹ bá sì fẹ́ kọjá lọ sí igbó ńlá Amásónì, yóò ní kí ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú kí ẹ tó kúrò nílé.

Ìmọ̀ràn gidi ni gbogbo rẹ̀. N kò rí èyí tí mo lè bu ẹnu àtẹ́ lù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni kan náà léèrè bí a ti ń lọ sí Erédò Súngbọ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú: aṣọ wo ni a ń wọ̀ lọ, ìgbà wo ló dára jù, ta ni a ń kí kí a tó wọ igbó? Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé òun ni yóò bi yín pé kí ni ń jẹ́ Erédò. Bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ ọwọ́ méjèèjì yìí, ti Inca àti ti Ìjẹ̀bú, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ ní ọjọ́ orí, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i níwájú.

Ẹgan ni ilé mi wà, lẹ́bàá Ìgàndo, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Etí akọ́mọlédè kì í gbọ́ orúkọ yìí kó má rántí igbó ẹgàn, ìyẹn igbó tí àdá kò tíì kàn, tí igi ibẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tí oòrùn kì í fi í kan ilẹ̀. Àwọn baba wa kò fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo igbó. Wọ́n mọ ẹgàn, wọ́n mọ ilẹ̀ tí a ti ro rí tí a sì fi sílẹ̀, wọ́n mọ ẹlújù, wọ́n sì mọ ọ̀dàn. Ní Ẹgan ti òní, kò sí ẹgàn mọ́. Ilé ló kún ibẹ̀, àti ṣọ́ọ̀bù, àti ilé epo, àti títì tí danfó ń sá lórí rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, 1,277,714 ènìyàn ni wọ́n kà ní Alímọ̀ṣọ́. Ilẹ̀ tí àwọn Àwórì fi ṣe oko ti di ìgboro láàárín ìran kan tàbí méjì. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí. Ibi tí ènìyàn yóò sùn sí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ohun tí mo fẹ́ kí a fi sọ́kàn ni bí ó ti yá tó. Ilẹ̀ tó ti wà bẹ́ẹ̀ láti ayébáyé lè pàwọ̀ dà kí ọmọ ọwọ́ tó di baba ọmọ. Láti Ẹgan dé Erédò kò ju ìrìn òwúrọ̀ kan lọ nínú ọkọ̀, ìgboro Èkó sì ń sún mọ́ ọn lójoojúmọ́.

Kí wá ni Erédò? Yàrà ni, pẹ̀lú odi. Àwọn tó ṣe é gbẹ́ ilẹ̀ pupa lọ sísàlẹ̀ bí ẹni ń gbẹ́ kànga gígùn, wọ́n sì kó erùpẹ̀ rẹ̀ jọ sí etí yàrà títí ó fi di òkìtì. Ẹni tó bá dúró ní ìsàlẹ̀ níbi tó jìn jù, tó gbójú sókè wo orí odi, ohun tó ga tó 20 mítà ló ń wò, ìyẹn bí ilé alájà mẹ́fà. Gbogbo gígùn rẹ̀ tó 160 kìlómítà. Ó ju ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lọ. Ilẹ̀ tó yí ká fẹ̀ ní nǹkan bí 40 kìlómítà láti àríwá sí gúúsù, àti nǹkan bí 35 kìlómítà láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn. Ìjẹ̀bú-Òde wà nínú rẹ̀. Apá gúúsù rẹ̀ wọ Ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí ìlú kan lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́ ti ń jẹ́ Erédò títí di òní. Patrick Darling, awalẹ̀pìtàn ará Bìrìtìkó tó fẹsẹ̀ rin ibẹ̀ láàárín ọdún 1990 sí 1999, fojú díwọ̀n pé erùpẹ̀ tí wọ́n kó tó mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ mítà onígun mẹ́ta. Ó ní ó fi nǹkan bí mílíọ̀nù kan ju ohun tí wọ́n fi kọ́ pírámíìdì ńlá ilẹ̀ Íjíbítì lọ. Ọkọ́ àti agbọ̀n ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe katapílà.

Nígbà wo ni wọ́n gbẹ́ ẹ? Duarte Pacheco Pereira, atukọ̀ ará Pọtogí tó kọ ìwé rẹ̀ ní nǹkan bí 1505 sí 1508, dárúkọ ìlú ńlá kan tó pè ní Geebuu. Ó ní yàrà ńlá yí ìlú náà ká, ó sì pe ọba ibẹ̀ ní Agusale. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá kò nílò ògbufọ̀ níbí: Ìjẹ̀bú ni, Awùjalẹ̀ ni. Ẹrú àti eyín erin, ó ní, ni wọ́n ń rà níbẹ̀. Yálà yàrà ìlú Òde fúnra rẹ̀ ni wọ́n ròyìn fún un, tàbí Erédò, ó hàn gbangba pé nígbà tí òyìnbó kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Ìjẹ̀bú, àpapọ̀ ọba àti yàrà ni wọ́n fi ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún un.

Fún ìgbà pípẹ́, àwọn onímọ̀ rò pé Erédò ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Ṣùgbọ́n ní àìpẹ́ yìí, iṣẹ́ tí Gérard Chouin àti Olanrewaju Lasisi ṣe ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí wọ́n walẹ̀, tí wọ́n sì fi ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ wádìí ọjọ́ orí ohun tí wọ́n rí, fi hàn pé láàárín nǹkan bí 1370 sí 1420 ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ mìíràn tẹ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jáde lórí egungun tí wọ́n rí ní Machu Picchu, wọ́n sì ní láti nǹkan bí 1420 ni ènìyàn ti ń gbé ibẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Bí ìṣírò méjèèjì bá dúró, a jẹ́ pé bí àwọn Ìjẹ̀bú ti ń sọ ọkọ́ kalẹ̀ ni àwọn Inca ń to òkúta wọn àkọ́kọ́ lé orí òkè. Ẹ̀gbẹ́ kan kò gbọ́ orúkọ èkejì rí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń fi ọwọ́ lásán ṣe ohun tí ọmọ ènìyàn yóò máa wò di òní.

Ohun kan tún pa wọ́n pọ̀. Ayé ní Hiram Bingham ló ṣàwárí Machu Picchu ní ọdún 1911. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ìtòsí ibẹ̀ kan, Melchor Arteaga, ló mú un gòkè lọ, ìdílé tó sì ń dáko sórí àwókù náà ló bá lókè. Ní ọdún 1999, ìwé ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè kọ nípa Erédò bí ẹni pé igbó ni wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á yọ. Iṣẹ́ ńlá ni Darling ṣe, ìyìn yẹ ẹ́. Síbẹ̀, láti ọdún 1959 ni Peter Lloyd ti kọ̀wé lórí Erédò nínú ìwé àtìgbàdégbà tí à ń pè ní Odù, àwọn àgbẹ̀ Ìjẹ̀bú sì ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí Lloyd. Ohun tí a kò tíì gbọ́ nílùú òyìnbó kọ́ ni ohun tó sọnù. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí arìnrìnàjò gbọ́dọ̀ dì sínú àpò rẹ̀ nìyí: ibi yòówù kí ẹ lọ, onílé wà níbẹ̀.

Bí ẹ bá bi onílé Erédò léèrè, yóò sọ fún yín pé obìnrin ló gbẹ́ ẹ. Bìlíkísù Súngbọ́ ni orúkọ rẹ̀, opó olówó tí kò bímọ. Nítorí pé kò ní ẹni tí yóò jẹ́ orúkọ mọ́ ọn lẹ́yìn ikú, ó ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà yìí kí ìrántí òun má baà parun. Ibojì rẹ̀ wà ní Òkè-Eri, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn ènìyàn a sì máa wọ́ lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún, Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀. Àwọn kan gbà pé òun gan-an ni ọbabìnrin Ṣébà tó lọ wo Sólómọ́nì, nítorí pé Bìlíkísù ni àwọn Mùsùlùmí ń pe ọbabìnrin náà. Ní ti ìṣírò ọdún, ọ̀rọ̀ yìí kò lè jọ: ó lé ní 2,000 ọdún tó wà láàárín ayé Sólómọ́nì àti ìgbà tí wọ́n gbẹ́ Erédò.

Kí ni kí akọ̀tàn ṣe sí irú ìtàn báyìí? Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá fi rẹ́rìn-ín ti pàdánù ohun tó wà nínú rẹ̀. Orúkọ Bìlíkísù bá Ìsìláàmù wọ ilẹ̀ wa. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìran tó kẹ́yìn ni wọ́n fi orúkọ títóbi jù lọ tí wọ́n gbọ́ wọ ìrántí kan tó ti wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìrántí náà fi pamọ́. Ní ilẹ̀ tí a ti ń sọ pé ọmọ laṣọ, wọ́n fi iṣẹ́ tó tóbi jù lọ jíǹkí obìnrin tí kò bímọ. Àìmọye ọlọ́mọ ni orúkọ wọn ti rà mọ́ ilẹ̀. Ti Súngbọ́ ṣì wà lẹ́nu àgbẹ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́. Bákan náà, ìtàn yìí kò jẹ́ kí a gbàgbé pé iṣẹ́ owó àti iṣẹ́ agbára ni Erédò. Àwọn Inca ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní mit'a, tí ìlú kọ̀ọ̀kan fi ń san ọjọ́ iṣẹ́ fún ọba. Ẹni tó bá mọ bí ẹgbẹ́ ọjọ́ orí ti lágbára tó ní Ìjẹ̀bú, tó sì mọ àáró àti ọ̀wẹ̀, kò ní í ṣòro fún un láti fojú inú wo bí ọba tàbí ìlú ti lè kó ọ̀pọ̀ ọwọ́ jọ sójú ọkọ́.

Kí ni wọ́n wá ń fi í ṣe? Ẹnu àwọn onímọ̀ kò kò lórí èyí. Ẹni tó bá ní odi ogun ni, ó ní ìdí. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò, ọmọ ogun mélòó ni yóò ṣọ́ 160 kìlómítà tán nínú igbó? Lójú tèmi, ààlà ni Erédò kó tó jẹ́ ohun ìjà. Ó ń sọ fún ẹni tó ń bọ̀ pé: títí dé ibí ni ilẹ̀ tìrẹ, láti ibí lọ ni ilẹ̀ tiwa; bí o bá fẹ́ wọlé, wá gba ẹnubodè. Yàrà tó jìn tó báyìí kò di ọ̀nà pa. Ó ń darí gbogbo ẹsẹ̀ sí ibi tí ojú onílé wà. Ìwà yìí kò sì kúrò lára Ìjẹ̀bú fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, wọ́n di ọ̀nà òwò tó ti etí ọ̀sà lọ sí òkè mú ṣinṣin, oníbodè wọn ń gba owó, àlejò kò sì jẹ́ dáṣà kó gba ilẹ̀ wọn kọjá láìgba àṣẹ. Nítorí ọ̀nà yìí ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì Èkó fi gbógun tì wọ́n ní oṣù May ọdún 1892, tí wọ́n sì ṣẹ́gun wọn ní Ìmágbọn, nígbà ayé Awùjalẹ̀ Túnwàṣe. Láti ọjọ́ náà ni ẹnikẹ́ni ti lè wọ Ìjẹ̀bú bó ṣe wù ú.

Mo mọ̀ pé ìdènà náà ní ibi tirẹ̀. Ẹrú tí wọ́n mú gba ẹnubodè wọ̀nyẹn kò gba ibẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́, àwọn aládùúgbò tó fẹ́ ṣòwò tààrà pẹ̀lú Èkó náà sì ráhùn. N kò pe ẹnikẹ́ni padà sí ayé yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà nínú ẹnubodè tí ìbọn òyìnbó kò sọ di asán: pé ilẹ̀ onílẹ̀ kì í ṣe ibi tí a ń ya wọ̀ bí ewúrẹ́. Gbogbo ìmọ̀ràn tí mo ní fún ẹni tó ń lọ sí Erédò wà nínú gbólóhùn kan yìí.

Ẹ jẹ́ kí n là á lẹ́sẹẹsẹ. Ní ti àsìkò, ọ̀gbẹlẹ̀ ló dára jù, láti oṣù November títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù March. Bí òjò bá ti ń rọ̀, ilẹ̀ pupa etí yàrà a máa yọ̀ bí ilá, omi a sì máa dúró ní ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ayẹyẹ kún un lè lọ ní àsìkò Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí máa ń wọ aṣọ ẹgbẹ́ jọ́dọ̀ Awùjalẹ̀. Ṣùgbọ́n kó má ṣe fi ọjọ́ náà gan-an wọ igbó, torí àwọn tí yóò mú un lọ wà lójúde ọba.

Ní ti ọ̀nà, ẹni tó bá ń ti Ẹgan lọ yóò gba Ìyànà-Ìpájà lọ sí Ọjọ́ọ̀ta, yóò bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, yóò yà ní Ṣágámù gba ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀rẹ̀, títí dé Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹni tó bá wù lè gba Ìkòròdú àti Ìtòikìn, tàbí kó gba Ẹ̀pẹ́ kó lè kọ́kọ́ rí apá gúúsù. Èyí tó wù kí ẹ gbà, ẹ kúrò nílé kí àkùkọ tó kọ, nítorí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Èkó lè jẹ òwúrọ̀ yín tán kí ẹ tó rí ewé igbó kan.

Ní ti ìmúra, ẹ wọ ṣòkòtò gígùn àti bàtà tó bo kókósẹ̀. Ejò kò mọ ọ̀mọ̀wé. Ẹ gbé omi àti oúnjẹ dání. Ẹ má fi funfun lọ, bí ẹ kò bá fẹ́ kó ilẹ̀ Ìjẹ̀bú bọ̀ wá ilé. Ẹ má sì dá lọ. Etí yàrà kò ní ọgbà, koríko a sì máa bò ó. Àlejò tó bá ń wo òkè lè bá ara rẹ̀ nísàlẹ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹ kọ́kọ́ yà sí ààfin tàbí ilé baálẹ̀ ìlú tí ẹ fẹ́ gbà wọlé. Ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ sọ ẹni tí ẹ jẹ́ àti ohun tí ẹ bá wá. Kò sí ìlú tó mọ iyì ara rẹ̀ tí yóò kí yín káàbọ̀ tán kó má fi ẹnìkan tì yín lẹ́yìn. Kí ẹ fún ẹni náà ní owó tó yẹ, kì í ṣe ṣẹ́ńjì tó kù lápò. Owó oníbodè ni, ọlá rẹ̀ ni ẹ sì fi wọlé. Ní ibojì Òkè-Eri, ẹ béèrè èèwọ̀ kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀, pàápàá ní ti ibi tí obìnrin lè dé àti ibi tí kò lè dé. Ẹ lè má fara mọ́ èèwọ̀ náà. Ẹ lè bá onílé jiyàn lé e lórí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ẹ dákẹ́, kí ẹ sì rú u.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ kan wà nípa ojú tí a fi ń wo nǹkan. Nígbà kan tí mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ, ọ̀kan nínú wọn dúró létí yàrà, ó wo ewé, ó wo igi, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kòtò yìí náà ni?" Àgbà ọdẹ tó mú wa lọ kò bínú. Ó ní, "Ọmọ mi, sọ̀ kalẹ̀ ná." Ó mú gbogbo wọn gba ibi tó dagun díẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Nísàlẹ̀, ògiri pupa dúró ṣánṣán lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ewédò bò ó, igi sì pàdé lókè bí òrùlé. Ohùn ọmọ ènìyàn yí padà níbẹ̀. Bàbá náà ní kí wọ́n fọwọ́ kan ògiri, kí wọ́n wo bó ti jọ̀lọ̀ tó, kí wọ́n sì sọ fún òun bóyá òjò ló gbẹ́ ẹ. Kò sẹ́ni tó tún pè é ní kòtò. Machu Picchu a máa fi ara rẹ̀ han àlejò láti òkèèrè. Àwọsánmà a ká, òkúta a yọ. Erédò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá lọ láìmọ ìtàn rẹ̀, tí kò sì sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀, kòtò ni yóò rí, kòtò ni yóò sì ròyìn.

Bí ẹ bá ní ọjọ́ kejì, igbó Ọmọ wà ní ìhà ìlà-oòrùn Ìjẹ̀bú. Láti ọdún 1925 ni ìjọba ti yà á sọ́tọ̀, UNESCO sì fi í sára àwọn igbó tí ayé ń ṣọ́ ní ọdún 1977. Erin ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó kò mọ̀ pé erin igbó ń rìn ní ibi tí ọkọ̀ lè gbé wọn dé kí oúnjẹ ọ̀sán tó tutù. Níbẹ̀ náà, ẹnubodè wà: àwọn òṣìṣẹ́ igbó ni kí ẹ kọ́kọ́ rí, ẹ̀yìn wọn sì ni kí ẹ máa tẹ̀ lé. Ẹ má ṣe retí pé erin yóò jáde wá kí yín. Ẹni tó bá rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, tó sì gbọ́ ohùn ẹyẹ àgbìgbò lókè, ti rí ìdí tí àwọn baba wa fi ya ẹgàn sọ́tọ̀ nínú orúkọ.

Wàyí o, mo fẹ́ sọ ohun tó ń dun ọkàn mi. Òkúta ni Inca fi kọ́lé. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tilẹ̀ bojú tó o, yóò pẹ́ kó tó wó tán. Erùpẹ̀ ni Erédò. Ohun tí ọkọ́ kó jọ, ọkọ̀ típà kan lè kó o lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ilẹ̀ pupa tí a fi ń tẹ́ ọ̀nà àti tí a fi ń kún ìpìlẹ̀ ilé kò jìnnà sí èyí tí odi náà jẹ́, ẹni tó ń wá a kì í sì í béèrè bóyá Súngbọ́ ló kó o jọ. Ọ̀nà ọkọ̀ ti gé Erédò kọjá níbi púpọ̀. Àwọn kan fi í ṣe ààtàn. Ilé ń sún mọ́ ọn. Ní ọdún 1995 ni Nàìjíríà ti fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí UNESCO, pẹ̀lú Iya ìlú Benin tó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, láti wà lára àwọn tí a ó yẹ̀ wò fún Ogún Àgbáyé. Machu Picchu ti gba oyè náà láti 1983. Sukur gbà á ní 1999, igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo gbà á ní 2005. Títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí, Erédò ṣì wà lórí ìdúró.

Oyè UNESCO dára, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń ṣọ́ ilẹ̀. Ohun tó tọ́jú igbó Ọ̀ṣun kó tó gba oyè ni pé àwọn kan kò yé lọ síbẹ̀: wọ́n ń bọ, wọ́n ń rúbọ, wọ́n ń tún ère ṣe, wọ́n ń bá ẹni tó fẹ́ gé igi jà. Ibi tí ẹsẹ̀ kò dé mọ́ ni típà ń rí yà sí. Bí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní Èkó àti Ìjẹ̀bú bá ń kó ọmọ lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, bí àlejò bá ń san owó amọ̀nà déédéé, ọ̀dọ́ ìlú tó ń rí oúnjẹ jẹ nínú odi náà kò ní í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó o tà. Àwọn ará Peru náà ń bá àpọ̀jù ẹsẹ̀ jà lónìí, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń ka àlejò tí wọ́n sì ń ti ọ̀nà pa. Ìṣòro tiwa kò tíì dé ibẹ̀. Ẹsẹ̀ tiwa kò tíì pọ̀ tó.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé mi, n kò ní kí ẹ má lọ sí Peru. Bí Ọlọ́run bá pèsè owó rẹ̀, ẹ lọ, ẹ rọra mí ní Cuzco, ẹ kí àwọn onílé ibẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó san owó ọkọ̀ òfurufú, ẹ kọ́kọ́ fi ọjọ́ Sátidé kan dé ààlà oko baba yín. Ẹ mú ọmọ yín dání. Ẹ gba ẹnubodè wọlé, ẹ sọ̀kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ yàrà, ẹ fọwọ́ kan ògiri náà, kí ẹ sì pe orúkọ Súngbọ́ sókè kí ọmọ náà gbọ́. Obìnrin tí kò bímọ ló ní kí a má gbàgbé òun. Àwa ọmọ ọlọ́mọ ni iṣẹ́ náà kù sí lọ́wọ́.